Bí Ọmọ Mi Ṣe Fi Sùúrù Nà Mí

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ohùn, àmì orí fáwẹ̀lì, oríkì àti òwe ni a sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ mi yà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ sọ, géèmù ìjà tí àwọn ọmọ wa máa ń gbá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má ṣe rò pé orí àgbà ti dàrú. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí pé ìdí géèmù yìí ni mo ti kọ́ ohun kan tí àwọn ìwé tí mo kà fún oyè ọ̀mọ̀wé kò kọ́ mi.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì ní Nàìjíríà, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún kan náà ni wọ́n tó dá a dúró: oṣù mẹ́jọ gbáko. Inú ilé mi ní Tanke, ní Ìlọrin níbí, ni mo wà ní gbogbo àkókò náà. Owó oṣù kò wọlé. Mo ka ìwé títí ojú fi ń ro mí. Mo gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ó yá, ohun gbogbo sú mi, ọ̀rọ̀ kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. Àwọn ará ilé mi mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá ti ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ńṣe ni ohùn wọn á rọlẹ̀.

Àkọ́bí mi ọkùnrin wà nílé pẹ̀lú mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Ó ti ṣe ìdánwò WAEC, ó ti ṣe ti JAMB pẹ̀lú, ìmọ̀ òfin sì ni mo ní kí ó yàn. Àbúrò ìyàwó mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi PlayStation 4 ránṣẹ́ sí i, Tekken 7 ni ó sì máa ń gbá lórí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, wọ́n mú iná wá, n kò sì rí nǹkan kan ṣe. Mo jókòó tì í, mo ní, "Fún mi ní pádì kan."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ìgbéraga ni ó gbé mi jókòó. Ní nǹkan bí ọdún 1999, nígbà tí èmi alára jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì, kò sí ilé géèmù kan ní Òkè-Òdó tí wọn kò ti mọ̀ mí. Tekken 3, tí ó jáde fún PlayStation ní ọdún 1998, ni gbogbo wa ń gbá. Eddy Gordo ni akọni tèmi, ọmọ Brazil tí ó ń fi capoeira jà, ìyẹn ìjà oníjó tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbá Tekken 3 rí mọ̀ pé Eddy kò béèrè ọgbọ́n púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Bí o bá ti ń tẹ bọ́tìnnì ẹsẹ̀ lọ wàràwàrà, yóò máa yí bí òkòtó, yóò máa ta ẹsẹ̀ lókè, yóò máa gbálẹ̀ nísàlẹ̀. Bí mo ṣe ń nà wọ́n nìyẹn. Ìkánjú ni mo fi jọba.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo tún mú Eddy. Ọmọ mi nà mí. A tún un gbá, ó tún nà mí. Ìgbà mẹ́tàlélógún ni a gbá a kí iná tó lọ, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ni ó sì nà mí. Ohun tí ó dùn mí jù kì í ṣe pé ó nà mí, bí ó ṣe nà mí ni. Kò sáré. Kò fò. Ńṣe ni akọni rẹ̀ dúró, ó ń sún síwájú díẹ̀, ó ń sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ń fi apá gba gbogbo ẹsẹ̀ tí mò ń ta. Bí mo bá wá ta èyí tí ó tóbi jù lọ, tí ó sì gbà á, ìgbà náà ni yóò lù mí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, láìsí ariwo. Lẹ́yìn náà yóò padà lọ dúró.

Mo ju pádì sórí àga. Mo ní, "Ojo ni ìwọ ọmọ yìí! Ṣé bí wọ́n ṣe ń jà nìyẹn?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wá. Èmi kàn ń dúró dè yín ni."

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí géèmù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, bí mo ṣe máa ń wádìí èdè tí n kò gbọ́. Ohun tí mo rí nìyí. Àwòrán 60 ni ó ń yà sójú tẹlifíṣọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn àwòrán wọ̀nyí ni a sì fi ń ka gbogbo ìṣe inú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó yára jù lọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akọni ń gba àwòrán 10 kí ó tó kan ara, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí o bá jù ni ó ní gbèsè tirẹ̀. Bí ẹnìkejì bá fi apá gbà á, òun ni yóò kọ́kọ́ bọ̀ sípò. Ìwọ yóò ṣì wà bẹ́ẹ̀ fún iye àwòrán kan, o kò ní lè jà, o kò sì ní lè dáàbò bo ara rẹ. Bí gbèsè náà kò bá tó 10, kò sí ohun tí ó lè fi ọ́ ṣe. Bí ó bá pé 10, ẹ̀ṣẹ́ kékeré yẹn lè kàn ọ́, o kò sì lè yẹ̀ ẹ́. Bí ó bá pé 15, ọ̀pọ̀ akọni ni ó lè gbé ọ kúrò nílẹ̀, kí ó máa nà ọ́ lófuurufú. Àwọn ẹsẹ̀ ńláńlá tí mo fẹ́ràn, àwọn gan-an ni gbèsè wọn pọ̀ jù.

Ó wá yé mi pé ọmọ mi kò wá mi níjà rárá. Èmi ni mò ń yáwó ní gbogbo ìgbà; òun kàn ń gba owó rẹ̀ ni.

Mo rántí ibi tí mo ti rí irú èyí rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbààgbà àdúgbò wa máa ń ta ayò lábẹ́ igi dóńgóyárò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ̀. Ọ̀pẹ̀ kì í lè dúró: ó rí méjì, ó jẹ ẹ́; ó rí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Ọ̀ta a máa kó ọmọ jọ sínú ihò kan títí yóò fi di odù, yóò sì máa fi ọmọ kéékèèké ṣeré níbòmíràn títí ọ̀pẹ̀ yóò fi tú ilé ara rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá àgbà kan wà láàárín wọn tí kì í sọ̀rọ̀ bí ó bá ń ta. Ojú rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ẹni tí ó bá rò pé ó ti sùn ni ìyà máa ń jẹ jù.

Ẹ jẹ́ kí n yà sídìí iṣẹ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń lò fún ìwà bàbá yẹn. Ọ̀kan ni sùúrù, tí ó wọ inú èdè wa láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà, ṣabr. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yẹn ní Lárúbáwá kò sọ pé kí ènìyàn kàn jókòó lásán. Ó sọ pé kí ó so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọ̀rọ̀ kejì ni ìfarabalẹ̀. Ẹ tú u wò: ì, fi, ara, ba, ilẹ̀. Ara ni a ní kí ó kan ilẹ̀, kí ó má ṣe máa fò sókè kiri. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, iṣẹ́ ni ènìyàn ń ṣe, kì í ṣe pé ó ń sá fún iṣẹ́. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn nígbà tí mo pe ọmọ mi ní ojo. Ojo dúró nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Onísùúrù dúró nítorí pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Mo mọ gbogbo èyí tán, ọmọ mi sì ń nà mí lọ. Ní ọjọ́ kan, ó sọ ìtàn kan fún mi. Ní oṣù Kejì, ọdún 2019, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Arslan Ash, ọmọ ìlú Lahore ní Pakistan, gba ife-ẹ̀yẹ Tekken 7 níbi ìdíje Evo Japan. Díẹ̀ nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ó tún gba ti Evo ní Las Vegas, Knee, ọ̀gá àgbà ará Korea, ni ó sì nà ní àṣekágbá. Arslan sọ fún ayé pé àwọn mìíràn tí wọ́n gbóná wà nílé. Kí ni Knee ṣe? Ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó lọ sí Pakistan láti lọ bá wọn gbá a.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá tí gbogbo ayé mọ̀ rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ayé kò mọ̀, kí ó lè mọ ohun tí ó nà án. Tèmi kò ju kí n kúrò lórí àga kí n jókòó sórí ẹní lọ. Síbẹ̀, ó ṣòro. Olùkọ́ ni mí; ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jókòó kọ́ mi ní nǹkan. Mo ní, "Ó dáa, kọ́ mi."

Ẹ̀kọ́ kìíní tí ó kọ́ mi ni èyí tí ó nira jù: "Bàbá, bí mo bá ti gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́." Ẹ ò lè mọ̀ bí ó ṣe nira tó. Ìka mi ń tẹ̀ ẹ́ lọ fúnra wọn. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí n dín ohun ọwọ́ mi kù. Nínú ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún tí Eddy mọ̀ ọ́n ṣe, mẹ́rin péré ni ó ní kí n máa lò fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí gbèsè wọn kò tó 10. Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé agbára kì í ṣí ilẹ̀kùn onísùúrù. Bí ó bá fi apá bo ara rẹ̀ lórí ìdúró, apá yẹn kò lè gba ìdìmú: dì í mú, kí o gbé e ṣánlẹ̀. Apá yẹn kò sì lè gba ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀: gbá a ní kókósẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, nítorí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó ń dúró dè. Nígbà mìíràn, sún sẹ́yìn díẹ̀, kí òun náà lè na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni ó jẹ gbèsè.

Yàrá ìdánrawò wà nínú géèmù náà, níbi tí ènìyàn ti lè ní kí akọni orí ẹ̀rọ máa ta ẹsẹ̀ kan ṣoṣo léraléra, kí ó fi kọ́ bí yóò ṣe gbà á àti bí yóò ṣe gbẹ̀san. Bí iná bá wà láàárọ̀, mo máa ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣe é kí ilé tó jí. Ìtàn àbáláyé sọ pé "ìlọ irin" ni orúkọ ìlú wa yìí ti wá, láti ara òkúta tí wọ́n máa ń lọ irin lórí rẹ̀. Láàárọ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa ń ronú nípa òkúta yẹn. Irin kì í mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, mo ti dé ibi tí mò ń fẹ́rẹ̀ẹ́ nà án. Mo bi í léèrè, mò ń rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ta ni ó tilẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró báyìí?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni."

Mo rò pé ó ń pọ́n mi lé. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Bí ẹ bá ti ń bínú, mo máa ń dákẹ́ ni. Tí mo bá fèsì, ọ̀rọ̀ á pọ̀ sí i. Tí mo bá dákẹ́, ó máa ń rẹ̀ yín. Ìgbà yẹn ni mo máa ń lọ sọ ohun tí mo fẹ́ fún Mọ́mì."

Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Bí ẹni ń ṣàlàyé bọ́tìnnì fún mi ni ó ṣe sọ ọ́, ó sì yí padà sí tẹlifíṣọ̀n. Èmi kò lè yí padà. Mo rántí ìgbà gbogbo tí mo ti bá a wí, tí ó dorí kodò, tí mo sì jáde pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn pé ó ti gbọ́. Mo rántí ọjọ́ tí a kọ ìmọ̀ òfin sí fọ́ọ̀mù JAMB, tí mo sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, tí kò sọ ju "Ó dáa, Bàbá" lọ. Mo ti ń pe ìdákẹ́ rẹ̀ ní ìgbọràn. Apá ni ó fi ń gbà á. Láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré ni ó ti ń fi apá gba ọ̀rọ̀ mi.

N kò gbá géèmù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, òun ni ó pè mí kí n wá wo fídíò kan, bóyá ó rí i pé nǹkan ń ṣe mí. Ìdíje Evo ti ọdún 2004 ni, ní California, Street Fighter III: 3rd Strike. Justin Wong, ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n mọ̀ sí onísùúrù, ń bá Daigo Umehara, ará Japan, jà. Ẹ̀mí Daigo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bí ó bá tilẹ̀ fi apá gba ìlù ńlá kan, yóò kú. Justin ni ó ń borí, sùúrù sì ni ó fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ parí rẹ̀. Ó ju ìlù ńlá rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó tẹ̀léra. Daigo ta gbogbo wọn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan kò yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí padà, ó nà án. Àwọn ènìyàn inú gbọ̀ngàn náà fò sókè. Daigo kọ́ ni ó gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan yẹn ni gbogbo ayé rántí.

Ohun tí mo rí nínú fídíò náà yàtọ̀ sí ti ọmọ mi. Òun rí ọwọ́ Daigo. Èmi rí Justin, onísùúrù tí ó kánjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sùúrù kì í ṣe ohun-ìní tí ènìyàn ní tán láéláé. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni à ń tún un yàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, mo nà án fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú kan ni apá ìjà kọ̀ọ̀kan máa ń gbà. Bí àkókò bá tán, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ pọ̀ jù ni ó borí. Mo gbá a ní kókósẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo dì í mú lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi díẹ̀ jù ú lọ. Lẹ́yìn náà mo sún sẹ́yìn, mo dúró. Ó dúró. Mo dúró. Aago ń kà. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo rí ohun tí n kò rí rí: ọmọ mi ń bọ̀ wá bá mi. Ó ta ẹsẹ̀ ńlá kan. Mo gbà á, mo sì gba owó mi. Ó kígbe, "Haà! Bàbá!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí ẹní.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù kì í ṣe ti géèmù mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ìmọ̀ òfin wù ú. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá." N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo dúró. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ìyanṣẹ́lódì parí, mo padà síbi iṣẹ́, mo ṣì ń dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti mú iná lọ, mo jókòó sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìpè. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ ṣe lọ́yà." Ó ní iṣẹ́ iná mànàmáná ni ó wu òun, ti oòrùn, sólà. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ni òun fẹ́ lọ. Ó wá sọ èyí tí ó wúwo jù: "Ẹ̀yin náà tí ẹ kàwé tó báyìí, oṣù mẹ́jọ lẹ fi jókòó sílé."

Ìka mi ń yún mi. Gbogbo èsì tí bàbá lè fọ̀ ni ó wà lẹ́nu mi, àwọn ńláńlá, àwọn tí ó ń yí bí òkòtó. N kò tẹ nǹkan kan. Mo jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Nígbà tí ó dákẹ́, mo ní, "Ọdún mélòó ni ẹ̀kọ́ náà?"

Ilẹ̀ ti ṣú gan-an kí a tó wọlé. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Bí ó bá wá sílé, ó ṣì ń nà mí ju bí mo ṣe ń nà án lọ.

Ó dìgbà kan ná o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù, kí ó sì jẹ́ kí a mọ ìgbà tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ wa yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n kàn ń dúró kí ó rẹ̀ wá.